Ajá Dúdú Tí Ń Di Pupa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣèlérí pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n ìwé kan dé ọwọ́ mi tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kò ní sá lọ. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ni kò lè dúró.

Ìyá kan tí ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo ló kọ ọ́. Ó ní ajá kan wà tí ń bá òun ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Dúdú ni wọ́n bí i, dúdú bí ìdí ìkòkò. Láti bí oṣù méjì ni irun rẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú, etí rẹ̀ ti pá, awọ ikùn rẹ̀ sì ti nípọn, ó ti ṣókùnkùn. Tọ̀sán tòru ló ń họ ara. Àwọn kan nínú ọjà ní ohun tí ayé rán sí ìyá náà ni ajá gbà sára. Àwọn mìíràn ní àrùn lásán ni, kí ó fi ọ́ìlì mọ́tò àlòkù kùn ún láti orí dé ìrù. Ìyá náà ní ọ́ìlì ọ̀hún ti wà nínú gálọ́ọ̀nù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé èsì tèmi nìkan ni òun ń dúró dè.

Ìyá mi, bí ẹ bá ti ka ọ̀rọ̀ dé ibí yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé gálọ́ọ̀nù náà padà fún ẹni tó ni í. Mo ní ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi.

Mo ní ajá kan rí tó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Kì í ṣe ajá òyìnbó, ajá ilẹ̀ wa yìí náà ni: etí nàró, ìrù ká, ara pupa bí amọ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi bá wa gbé, kò sì sí olè tó gbójú fo ògiri wa. Nígbà tó yá, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Irun etí rẹ̀ re, irun ìgúnpá rẹ̀ re. Awọ ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún, lẹ́yìn náà ó dúdú, ó sì hunjọ bí awọ erin. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ó bu ọ́ìlì àlòkù fún mi nínú agolo, ó ní bàbá òun fi wo ajá mẹ́ta sàn. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, n kò béèrè ohun tó wà nínú ọ́ìlì náà. Mo kùn ún.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ahọ́n ajá ni kànìnkànìn rẹ̀. Tanímọ̀la lá ara rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì kò jẹun, ó ń bì, ó ń gbọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta mo ṣílẹ̀kùn, kò wá pàdé mi. Abẹ́ igi mángòrò ni mo sin ín sí. Àwọn ọmọ ń sunkún, wọ́n ní èkúru ló pa ajá àwọn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé èkúru kọ́, ọwọ́ mi ni. Fún ọdún méjì n kò lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe epo pupa. Eruku irin àti òjé wà nínú rẹ̀, àti oríṣiríṣi májèlé tí iná ẹ́ńjìnnì ti sè pọ̀. Ó ń gba awọ wọlé, èyí tí ajá bá sì lá sínú ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá bì í, tí díẹ̀ sì gba ọ̀nà òfìfo wọ ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà mìíràn nìyẹn. Bákan náà ni karosíìnì, omi bátìrì, àti oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí igi kòkó. Bí ajá kan bá yè é, ara líle ló yọ ọ́, kì í ṣe oògùn. Ìtàn ajá tó yè ni àwọn ènìyàn máa ń sọ. Ta ni ń sọ ìtàn èyí tó kú? Èmi náà kò sọ ọ́ rí, àfi lónìí.

Nígbà tí ọdún méjì kọjá, mo gba ajá mìíràn. Dúdú ni eléyìí, mo sì sọ ọ́ ní Ìfura. Kò pẹ́ tó pé ọmọ ọdún kan ni mo rí i pé irun ẹ̀yìn rẹ̀ ń pọ́n. Mo ní òòrùn ni. Oṣù kan lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ etí. Mo ní eṣinṣin ni. Ẹni tí nǹkan bá ti ṣe rí máa ń bẹ̀rù àtipe orúkọ nǹkan ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá ilé mi pè mí wá wo ọmọ ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí òun àti Ìfura jọ máa ń sùn lórí ẹní lọ́sàn-án. Kókó pupa wẹ́wẹ́ ti kún apá àti ikùn ọmọ náà, ó sì ń họ ọ́.

Ìyá ilé mi kò pariwo. Ó ní, “Bàbá Délé, ajá yìí tàbí ọmọ yìí, ẹ mú ọ̀kan. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fún yín.”

Mo ní, “Ìyá Délé, jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tó yẹ kí n gbé èkíní lọ.”

Ó wò mí, ó ní, “Èkíní wo?” Ọjọ́ náà ni ó mọ ohun tó pa Tanímọ̀la.

Mo gbé Ìfura lọ sí ilé-ìwòsàn ẹranko. Dókítà tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ, kò kọ́kọ́ wo irun tó pọ́n náà rárá. Ó ká ètè ajá sókè, ó wo ẹran ìdí eyín rẹ̀. Ó wo ojú, ó wo ikùn. Lẹ́yìn náà ó fi ìka méjì mú etí ajá, ó rọra ń fi wọ́n ra etí náà. Kíá ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá bẹ̀rẹ̀ sí í họ inú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń ta gìtá.

Ó ní, “Bàbá, ẹ rí ẹsẹ̀ yẹn? Èkúru ni mo fura sí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rí ẹlẹ́rìí, sà.”

Ó fi abẹ ha awọ etí náà díẹ̀, ó tẹ́ ohun tó há sórí dígí, ó fi í sábẹ́ maikirosikópù, ó sì ní kí n wá yọjú. Ohun kan wà níbẹ̀, ó rí roboto bí ìjàpá, ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́jọ ló ní, ó ń rìn. Mo ti di àgbà kí n tó rí ojú ẹni tó bá mi jà.

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé abo kòkòrò náà ń gbẹ́ ihò sínú awọ bí ẹni ń wa ihò okùn, ó sì ń yé ẹyin sínú ihò náà. Láti ẹyin títí tí òun náà yóò fi di àgbà, ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò fi lè parí rẹ̀: àwọn tó wà nínú ẹyin ṣì ń bọ̀. Ibi tí irun kò pọ̀ sí ló fẹ́ràn, létí, ní ìgúnpá, ní oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ní ikùn. Ó ń ràn láti ara ajá dé ara ajá, ó sì lè ràn mọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè fi ara ènìyàn ṣe ilé pẹ́. Bí a bá wo ajá sàn, ara ọmọ náà yóò rọlẹ̀. Síbẹ̀ ó ní kí a gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn tirẹ̀, nítorí dókítà ẹranko kì í wo ọmọ ènìyàn.

Mo béèrè pé kí ló wá sọ irun dúdú di pupa, tó sì sọ awọ di dúdú. Ó bi mí léèrè pé kí ni ajá ń jẹ. Mo ní ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ ti fi ẹnu ara yín dáhùn ìdajì rẹ̀.”

Ìyá alàdìrẹ, ọ̀rọ̀ tí n ó sọ yìí yóò yé yín ju gbogbo wa lọ. Ìdí irun kọ̀ọ̀kan ni ìkòkò aró rẹ̀ wà. Oríṣi aró méjì péré ni ajá ní, dúdú àti pupa. Bí ara bá ṣe pò wọ́n ni ajá ṣe ń dúdú, tó ń pupa, tàbí tó ń di abilà. Ibi tí aró kò bá dé ni irun ti ń funfun. Bí aṣọ ṣe ń bàjẹ́ lọ́nà mẹ́ta ni irun náà ṣe ń bàjẹ́.

Ọ̀nà kìíní ni kí aró má jinná láti inú ìkòkò. Láti inú oúnjẹ bí ẹran, ẹja àti ẹyin ni ara ajá ti ń rí ohun tó fi ń ṣe aró dúdú. Bí ajá bá ń jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀kọ nìkan, aró rẹ̀ kò ní jinná, irun tó yẹ kó dúdú yóò jáde ní pupa rúsúrúsú. Ẹ̀yin tíṣà ti rí irú rẹ̀ lára ọmọdé tí àrùn kwashiorkor mú, tí irun orí rẹ̀ ń pọ́n, tó ń fẹ́lẹ́. Ọ̀nà kejì ni kí òòrùn mú kí aró ṣá. Ajá dúdú tí ń sùn sínú òòrùn lójoojúmọ́ yóò pọ́n ní ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n irun abẹ́ ikùn rẹ̀ yóò ṣì dúdú. Ọ̀nà kẹta ni àbàwọ́n. Itọ́ àti omijé ajá ní ohun kan nínú tí ń sọ irun funfun di pupa bí ìpẹtà. Bí ẹ bá rí ajá funfun tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ẹ má wo irun, ẹ béèrè ìdí tó fi ń lá ẹsẹ̀.

Ní ti awọ, bí ohun kan bá ń dà á láàmú tó pẹ́, yóò nípọn, yóò sì kó aró dúdú jọ síbẹ̀, bí orúnkún ẹni tí ń kúnlẹ̀ fọ ilé lójoojúmọ́ ṣe ń dúdú. Nítorí náà, awọ dúdú náà kọ́ ni àrùn. Àpá ìjà tó ti pẹ́ ni.

Wọ́n wọn Ìfura lórí ìwọ̀n, wọ́n sì fún un ní oògùn oníhóró tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Dókítà béèrè bóyá ajá mìíràn wà nítòsí. Mo ní méjì wà nílé kejì. Ó ní bí a kò bá wo àwọn náà, owó mi ti ṣòfò. Mo lọ bẹ aládùúgbò mi, ó sì gbà. A fi omi gbígbóná fọ ẹní, a sá a sóòrùn. Mo fi orí ẹja, ẹyin sísè àti ẹ̀dọ̀ màlúù díẹ̀ kún oúnjẹ rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó pé, ara ọmọ ti dán. Lẹ́yìn oṣù kan, Ìfura kò họra mọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, irun dúdú ti bo etí rẹ̀. Owó tí mo san kò tó owó ìpele àǹkárá kan tó dára. Ọ́ìlì tó pa Tanímọ̀la, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ajá tó bá pá ni èkúru yìí ń ṣe. Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n to díẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Èkúru mìíràn wà tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yún ajá níbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ajá ló máa ń mú jù, yíká ojú, lẹ́nu, àti ní ẹsẹ̀ iwájú. Ara ìyá rẹ̀ ló ti ń kó kòkòrò náà ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tó ń mu ọmú. Èyí kì í ran ènìyàn. Bí ara ajá bá lágbára tó, ó lè lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá tàn ká gbogbo ara, ó di ti dókítà.

Làpálàpá máa ń pá irun ní róbótó, ojú rẹ̀ á dà bí eérú. Kíákíá ló ń ràn mọ́ ọmọdé. Bí ọmọ àti ajá bá ní i pọ̀, ẹ wo àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ó bá jẹ́ ìdí ẹ̀yìn lẹ́bàá ìrù ló pá, tó pọ́n, ẹ ya irun rẹ̀ wò. Ẹ ó rí yọ̀rọ̀, kòkòrò kékeré tí ń fò, tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ tó dà bí àtíkè dúdú. Bí awọ bá dúdú, tó ń yọ̀, tó ń rùn bí ohun tó kan, pàápàá nínú etí àti ní abíyá, olú wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ló ń hù níbẹ̀. Bí irun bá sì re lọ́tùn-ún lósì lọ́gbọọgba, tí ìrù pá, tí awọ dúdú, ṣùgbọ́n tí ara kò yún ajá, tí ajá ń sanra, tó ń sùn ṣáá, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ohun kan wà ní ọ̀fun ajá bí ó ti wà ní ọ̀fun ènìyàn, òun ni èyí tí ń wú tí à ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dín kù, bí ajá ṣe ń rí nìyẹn.

Àwọn ìyípadà kan wà tí kò yẹ kó já wa láyà. Ọmọ ajá tí wọ́n ń pè ní Dalmatian, funfun ni wọ́n ń bí i, àmì dúdú ara rẹ̀ ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọ ajá ọlọ́pàá Jámánì máa ń ṣókùnkùn nígbà tí wọ́n bá bí i, á sì máa pọ́n bí ó ti ń dàgbà. Ajá àgbà ń hu ewú lẹ́nu bí àwa náà. Ibi tí egbò ti jinná lè hu irun funfun. Bí ajá bá ń jẹun, tó ń ṣeré, tí ara kò yún un, tí kò sì pá, ẹ fi ọkàn balẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ kan wà tó burú ju ti irun lọ. Èmi náà kò mọ̀ títí dókítà fi ká ètè Ìfura sókè. Ẹran ìdí eyín ajá yẹ kó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí ti ènìyàn, àfi níbi tí wọ́n bá bí i ní dúdú. Bí ó bá funfun bí ẹ̀fun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù, eégbọn tàbí aràn inú ìfun ló sì sábà máa ń mu ún. Bí ojú àti ìdí eyín bá pọ́n bí iyeyè, ibà pọ́njú ni. Ó lè wá láti ara eégbọn, ó sì lè jẹ́ àrùn inú ìtọ̀ eku, èyí tí ń ran ènìyàn pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí àmì pupa tóótòòtó bí ojú abẹ́rẹ́ níkùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ya sábẹ́ awọ nìyẹn. Ẹ má dúró di ọ̀la fún ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ohun kan sí i. Àwọn kan ń ra abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ń gún fún màlúù, wọ́n ń fojú díwọ̀n rẹ̀ fún ajá. Dókítà náà ń lo oògùn yìí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìwọ̀n ni. Àṣejù rẹ̀ ń pa ajá, àwọn ìran ajá kan bíi Collie kò sì lè gbà á bí àwọn yòókù ṣe ń gbà á. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n kò gbọdọ̀ ní abẹ́rẹ́.

Ìyá mi ní Òṣogbo, mo padà sọ́dọ̀ yín. N kò lè fi ìwé wo ajá yín, ṣùgbọ́n etí tó pá, ara tó ń yún un àti awọ tó nípọn jọ ti Ìfura púpọ̀. Ẹ má kùn ún ní nǹkan kan. Ẹ béèrè ilé-ìwòsàn ẹranko ìjọba ní ìlú yín. Ẹni tó bá wà nítòsí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ilé-ìwòsàn ẹranko. Títí ẹ ó fi dé ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé bá a sùn, ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tí ẹ bá fi kàn án. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi pẹ̀lú. Àwọ̀ irun kò kan dìgbòlugi, ṣùgbọ́n ajá tí ń ṣọ́ ọjà tí kò gba abẹ́rẹ́ yẹn lọ́dọọdún jẹ́ ewu fún gbogbo ọjà.

Ní ti àwọn tó ní ayé ló fi ránṣẹ́, n kò bá wọn jà. Mo kàn mọ̀ pé èyí tí mo rí lábẹ́ dígí ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, oògùn sì ràn án. Bí ajá yín bá sàn, ẹ kọ̀wé sí mi. Bí kò bá sàn, ẹ kọ̀wé sí mi bákan náà, ẹ má fi pamọ́ fún ọdún méjì bí èmi ti ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ire o.